Nẹ́ẹ̀tì ìbòjú ìyàwó láti Ọjà Akẹ̀sán: ohun tó ń di ẹ̀ka iyùn rírọ̀ mú ju gúlúù lọ

Gígé iyùn rírọ̀, ẹ̀dá inú òkun tí à ń sìn nínú táǹkì gíláàsì, kí ẹ̀ka rẹ̀ lè di iyùn mìíràn, kì í ṣe iṣẹ́. Bí abẹ yín bá mú, tí ọwọ́ yín sì balẹ̀, ìṣẹ́jú kan ti tó. Ibi tí iṣẹ́ wà ni nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ẹ̀ka tí a gé yóò máa wá ohun tí yóò gbá mú, tí omi yóò sì máa tì í síwá tì í sẹ́yìn. Ẹran rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá, kò ní eegun, itọ́ kò sì gbẹ lára rẹ̀. Bí kò bá rí ojú kan dúró sí, yóò yí wọ abẹ́ òkúta, ibẹ̀ ni yóò sì jẹrà sí kí ẹ tó mọ̀.

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níbí kì í ṣe ohun tí àwọn tó ń ta nǹkan ẹja ń tà. Nẹ́ẹ̀tì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, èyí tí àwọn aránṣọ fi ń ṣe ìbòjú ìyàwó, tí ẹ lè rí rà ní yáàdì-yáàdì nísọ̀ àwọn aláṣọ l'Ọ́jà Akẹ̀sán, nílùú Ọ̀yọ́. Ẹni tó ṣe é kò ro omi iyọ̀ mọ́ ọn rárá. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí a mọ̀ tí a lè fi di ẹ̀ka iyùn rírọ̀ títí ojú egbò rẹ̀ yóò fi san, òun la fi síwájú. Ó ní àléébù tirẹ̀, a ó sọ ọ́ láìfi bò.

Kí orúkọ má baà da ẹnikẹ́ni rú: iyùn pupa tí àwọn ọba àti ìjòyè ń so mọ́rùn àti iyùn rírọ̀ inú táǹkì gíláàsì, ìbátan ni wọ́n lóòótọ́. Ẹ̀dá inú òkun ni méjèèjì, ẹnu wínníwínní tó wà lára wọn sì ní ọwọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ. Ti ọrùn ọba ní eegun líle nínú, eegun yẹn ni wọ́n ń gbẹ́ sí ìlẹ̀kẹ̀. Iyùn rírọ̀ kò ní ju ẹ̀gún kéékèèké tó fọ́n ká inú ẹran rẹ̀ lọ. Àwọn tí ọ̀rọ̀ nẹ́ẹ̀tì yìí kàn jù ni àwọn iyùn rírọ̀ tí ara wọn rí bí awọ, tí à ń pè ní aláwọ: Sarcophyton tó rí bí olú ńlá, Sinularia tó yọ ọmọ ìka, Lobophytum tó rí bí àtẹ́lẹwọ́ tó wú, àti Capnella tó rí bí igi kékeré.

Súpà gúlúù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń nawọ́ sí. Kò burú fún iyùn líle, nítorí eegun ló ń lẹ̀ mọ́ níbẹ̀. Ti aláwọ yàtọ̀. Ọ̀rinrin ló ń mú gúlúù yìí gan. Bó ṣe kan itọ́ ara iyùn ló ti yi, ṣùgbọ́n itọ́ ló lẹ̀ mọ́, kò lẹ̀ mọ́ ẹran. Nígbà tí iyùn bá bọ́ itọ́ náà dànù, gúlúù á bá a lọ. Ní ọjọ́ kejì, ẹ óò rí èèpá funfun kan lórí òkúta, bí èèpá ojú egbò, ẹ̀ka kò sí níbẹ̀ mọ́. Èyí tó ṣàn bí omi nínú túùbù kékeré tún burú ju èyí tó ki lọ: ibi tó bá ṣàn dé lára ẹran, ibẹ̀ á funfun, á sì kú.

Rọ́bà tí a fi ń di owó ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n iyùn tó fara gbọgbẹ́ máa ń súnkì, á sì tún wú bí ara rẹ̀ bá ń yá. Bó bá kì, rọ́bà á tú sílẹ̀; bó bá wú, rọ́bà á máa wọ inú ẹran lọ títí á fi gé e sí méjì. Ìtayín tí a gún gba inú igi ọrùn Sarcophyton kọjá, tí a sì so etí rẹ̀ méjèèjì mọ́ òkúta, dára fún èyí tó bá nípọn ju àtàǹpàkò lọ. Fún èyí tó kéré sí i, ihò tí ìtayín dá sílẹ̀ ni ìjẹrà máa ń gbà wọlé.

Nẹ́ẹ̀tì kò gún ẹran, kò sì fún un lójú kan ṣoṣo. Ó pín agbára rẹ̀ ká gbogbo ara ẹ̀ka náà, bí ìgbà tí ọmọ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nínú ọ̀já tó fẹ̀. Omi ń gba inú ihò rẹ̀ kọjá, ìmọ́lẹ̀ náà ń wọlé. Bí ẹran bá kì, ó ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá wú, nẹ́ẹ̀tì á fún un láyè díẹ̀. Ohun tó mú un borí nìyẹn, kì í ṣe pé owó rẹ̀ pọ́ọ́kú nìkan.

Kì í ṣe gbogbo nẹ́ẹ̀tì ló dára o, níbi rírà gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Bí ẹ bá ní kí ìyá aláṣọ fún yín ní nẹ́ẹ̀tì ìyàwó, èyí tó ń dán yinrin ni yóò kọ́kọ́ tẹ́ síwájú yín, nítorí òun ni àwọn ìyàwó ń fẹ́. Ẹ kí i dáadáa, kí ẹ ní: "Mà, èyí tí kò ní dídán, tí kò ní òkúta, tí kò ní fọ́nrán góòlù, funfun lásán ni mo ń wá." Ohun tó ń dán yẹn, gúlúù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, á bọ́ sínú omi. Fọ́nrán góòlù àti fàdákà lè ní irin tàbí bàbà nínú, bàbà sì ni ikú iyùn, edé àti ìgbín inú táǹkì, kódà bó bá kéré gan-an. Aláwọ̀ pupa, búlúù àti dúdú, ẹ fi sílẹ̀. Aró wọn lè ṣí. Ihò tó yẹ kò gbọdọ̀ ju mílímítà kan sí méjì lọ. Àpò nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń kó àlùbọ́sà ní ihò tó fẹ̀ jù, ẹ̀ka kékeré á yọ́ gba ibẹ̀ jáde.

Èyí tó léwu jù lọ ni ká ro pé nẹ́ẹ̀tì ni nẹ́ẹ̀tì ń jẹ́, ká wá gé lára nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Nẹ́ẹ̀tì tí ìjọba ń pín fún aráàlú nítorí ibà ní oògùn lára, irú permethrin tàbí deltamethrin. Oògùn tó ń pa ẹ̀fọn yẹn ń pa edé àti akàn, ó sì le fún ẹja gan-an. Ẹ má sọ pé ẹ ó fọ̀ ọ́. Wọ́n ṣe é kó lè fara da fífọ̀ ó kéré tán ìgbà 20 kí agbára rẹ̀ tó dín. Ègé kékeré kan tó láti ba táǹkì jẹ́ fún ẹni tó ní edé nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò nísọ̀, ẹ gbé e sí imú. Àwọn aláṣọ máa ń fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, òórùn rẹ̀ sì máa ń wọ inú nẹ́ẹ̀tì. Èyí tó bá ń rùn káńfọ̀, ẹ má rà á. Bí ẹ bá délé, ẹ gé ègé bí èékánná, ẹ mú un jáde síta, ẹ fi iná sí i. Bó bá yọ́, tó sì ka kókó líle, náílọ́ọ̀nù tàbí pọliẹ́sítà ni, ìyẹn ni à ń wá. Bó bá jó bí bébà tó sì di eérú, òwú ni. Òwú á jẹrà lára ẹ̀ka kí ojú egbò tó san.

Nẹ́ẹ̀tì tuntun máa ń le gbagidi nítorí ohun bíi sítáàṣì tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Ẹ gé e sí igun mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 10 ní òró àti ní ìbú. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, láìsí ọṣẹ, láìsí ìyẹ̀fun ìfọṣọ kankan. Ẹ pa omi rẹ̀ dà lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí 24. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹyọ kan sínú ife funfun kí ó sùn níbẹ̀. Bí omi bá mọ́ gaara ní òwúrọ̀, tí kò sì yọ̀ lọ́wọ́, ó ti ṣe é lò.

Ohun tí ẹ̀ka yóò lẹ̀ mọ́ ṣe pàtàkì tó nẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ojú tó ń dán kò wúlò. Àfọ́kù táìsì dára gan-an, bí ẹ bá da ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí págunpàgun sókè. Kí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5, kí ẹ sì fi òkúta rin etí rẹ̀ kí ó má baà ya nẹ́ẹ̀tì. Bí sìmẹ́ńtì ilé bá wà lára rẹ̀, ẹ ha á kúrò. Ègé iyùn líle tó ti kú náà dára, kódà ó dára ju táìsì lọ, bí ẹ bá rí i.

Ẹ má gé ohunkóhun sínú táǹkì. Iyùn aláwọ ní oró nínú ara, òun ló fi ń bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ jà nínú òkun, bí abẹ bá sì kàn án ni oró náà ń tú jáde. Ẹ bu omi táǹkì sínú abọ́ mẹ́ta, lítà méjì méjì. Abọ́ kìíní ni a ó ti gé e. Èkejì ni a ó fi ṣan itọ́ kúrò. Nínú ẹ̀kẹta, ẹ kán áyódíìnì ilé oògùn, povidone-iodine tí kò ní ọṣẹ nínú, títí àwọ̀ omi yóò fi dà bíi tíì tó ṣàn, kì í ṣe tíì tó dúdú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Abẹ tuntun ni kí ẹ lò, kí ẹ sì gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìgé tó lọ tààrà. Ẹran tí a fi abẹ kújú ya fàìfàì kì í tètè san. Àwọn tó ń fín igbá l'Ọ́yọ̀ọ́ mọ ohun tí à ń sọ: ọ̀bẹ tí kò mú ló ń bu igbá jẹ.

Ẹ̀ka tó tóbi tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 ló rọrùn jù láti tọ́. Èyí tó kéré ju ìyẹn lọ kò ní agbára tó pọ̀ nínú ara, èyí tó tóbi jù sì ń jẹrà láti àárín. Ẹ ṣàn án nínú abọ́ kejì, ẹ fi sínú áyódíìnì fún ìṣẹ́jú 10, ẹ tún fi omi táǹkì ṣàn án.

Dídì rẹ̀ nìyí. Ẹ gbé ẹ̀ka lé àárín táìsì, ojú tí abẹ gé ni kí ó kan táìsì. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì bò ó, ìpele kan ṣoṣo, ẹ má ṣẹ́ ẹ po. Ẹ kó etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ táìsì, ẹ lọ́ ọ pọ̀, ẹ fi rọ́bà tàbí okùn ọ̀rá ìpẹja so ó níbẹ̀. Ní abẹ́ yìí ni gúlúù ti wúlò: ẹ kán an díẹ̀ lé ibi tí ẹ so, ó jìnnà sí ẹran. Ẹ wá fi ìka tẹ ẹ̀ka náà jẹ́jẹ́. Ó yẹ kí ó mì díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣí kúrò lójú kan. Bí ẹran bá ń yọ sókè nínú ihò nẹ́ẹ̀tì bí iyán tí a tẹ̀ mọ́ ajọ̀, ó ti fún jù, ẹ tú u kí ẹ tún un dì. Bí ẹ bá lè ti ẹ̀ka láti etí kan dé èkejì, ó ti tú jù.

Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e padà, ẹ pa bí ìdá márùn-ún kan omi táǹkì dà, kí ẹ sì fi èédú asẹ́mi (activated carbon) tuntun sínú ajọ̀ tó ń sẹ́ omi táǹkì. Kì í ṣe èédú ìdáná o. Èédú asẹ́mi yìí ló ń fa oró tí iyùn tú jáde mọ́ra.

Ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún ni àléébù nẹ́ẹ̀tì ń hàn. Iyùn á kì, á pa gbogbo ẹnu rẹ̀ dé, á sì máa bọ́ awọ fẹ́lẹ́ bí ẹni pé ó fẹ́ kú. Kò kú, bó ṣe ń wẹ ara rẹ̀ mọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n awọ tí ó bọ́ kò rí ọ̀nà jáde dáadáa lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, kòkòrò ìjẹrà á gbà á, á sì ràn mọ́ ẹran. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá lo nẹ́ẹ̀tì fi gbọdọ̀ fi síríńjì ńlá tí kò ní abẹ́rẹ́ fẹ́ omi sí i lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè. Ẹ óò rí itọ́ náà bó ṣe ń jáde bí òwú tó tú. Ẹ gbé e síbi tí omi ti ń lọ níwọ̀nba, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì kéré díẹ̀ sí ti ìyá rẹ̀. Ẹni tí kò ní àyè láti fẹ́ ẹ lójoojúmọ́, kí ó lo ìtayín. A ò ní tàn án.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ náà kàn án. Bí póm̀pù bá dúró fún wákàtí mẹ́ta, ẹ̀ka tó wà lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ń jìyà ju èyí tó wà ní gbangba lọ, nítorí omi kò lọ mọ́, itọ́ sì ti bò ó. Póm̀pù afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì ti tó láti gbà á là. Kò dìgbà tí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀.

Bí ìjẹrà bá wọlé, imú ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ gbé e jáde: bó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, tí ibì kan lára rẹ̀ sì ti di búráùn tàbí dúdú, tó rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, ẹ tú nẹ́ẹ̀tì kúrò lójú ẹsẹ̀. Ẹ gé gbogbo ibi tó bàjẹ́ kúrò títí dé inú ẹran tó mọ́, kí ẹ fi bíi mílímítà 5 kún un. Ẹ tún un fi sínú áyódíìnì. Nẹ́ẹ̀tì tuntun, táìsì tuntun. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń yè, ṣùgbọ́n èyí tí a tètè rí máa ń yè. Bó bá jẹ́ pé ó kàn kì ni, tí ẹran rẹ̀ ṣì le, tí kò rùn, ẹ fi í sílẹ̀. Ọwọ́ tó ń tú u wò ní gbogbo ìgbà ni kì í jẹ́ kí ó lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ní nẹ́ẹ̀tì ló pa ẹ̀ka, omi ló pa á. L'Ọ́yọ̀ọ́, tí òkun jìnnà sí wa, àwa la ń po omi wa. Ẹ má lo omi òjò tó gba orí páànù kọjá, síńkì lè wà nínú rẹ̀. Omi kànga ẹ̀rọ yàtọ̀ láti ilé sí ilé. Omi tí a fi ẹ̀rọ RO (reverse osmosis, tó ń yọ iyọ̀ àti ìdọ̀tí kúrò nínú omi) sẹ́ ni kí ẹ lò, kí ẹ po iyọ̀ táǹkì òkun mọ́ ọn, nǹkan bíi gíráàmù 35 sí lítà kan, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ ìwọnyọ̀ (hydrometer) wọ̀n ọ́n títí yóò fi ka 1.025. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò ní kálísíọ́ọ̀mù àti magnesium tí iyùn nílò. Ìgbóná omi, kí ó wà láàárín 24 sí 26 lórí ìwọ̀n Celsius. Nínú oòrùn oṣù kejì àti ìkẹta, tí omi bá ti ń kọjá 29, ẹ má gé iyùn rárá, ẹ dúró. Lásìkò ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, omi ń fà kíákíá ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í fà, nítorí náà omi RO tí kò níyọ̀ ni kí ẹ máa fi dí i, lójoojúmọ́. Ẹ lẹ bébà mọ́ ara gíláàsì kí ẹ lè mọ ibi tó yẹ kí omi dé.

Àwọn kan wà tí nẹ́ẹ̀tì kò bá lára mu. Xenia, èyí tó ń pa ọwọ́ dé tó ń ṣí i, rọ̀ jù. Á yọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ kàn gbé òkúta kékeré ti ìdí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á rìn gun orí rẹ̀. Briareum tó ń tẹ́ bí ẹní ní ìdí tó yi, gúlúù ń mú un. Zoanthus kì í ṣe iyùn rírọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń kà á mọ́ wọn: oró palytoxin lè wà nínú rẹ̀, ó lè pa ènìyàn. Ìbọ̀wọ́ àti awò ojú ni dandan, ẹ ò sì gbọdọ̀ se òkúta tó wà lára rẹ̀ nínú omi gbígbóná láéláé.

Láti ọjọ́ keje sí ìkẹwàá, ọ̀pọ̀ aláwọ á ti gbá táìsì mú. Ẹ má fi í sílẹ̀ ju ọjọ́ 14 lọ, nítorí ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í hù gba inú ihò. Láti ẹ̀yìn táìsì ni kí ẹ ti fi sísọ́ọ̀sì gé okùn, kí ẹ ká nẹ́ẹ̀tì sókè jẹ́jẹ́ nínú omi. Ibi tó bá ti hù wọ ẹran, ẹ má fà á. Ẹ gé nẹ́ẹ̀tì yí i ká, ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀, ẹran á bò ó mọ́lẹ̀, kò ní pa á lára. Lẹ́yìn náà ni ẹnu rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í là lọ́kọ̀ọ̀kan, láti etí wá sí àárín. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí gbogbo rẹ̀ tó là.

Yáàdì kan tí ìbú rẹ̀ náà jẹ́ yáàdì kan á fún yín ní igun mẹ́rin 81, ìyẹn sì pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè lò tán lọ́dún kan. Ẹ̀ẹ̀kan ni ká lo ẹyọ kan, ká sì jù ú nù. Èyí tí ẹ kò tíì lò, ẹ sá a síbi òjìji títí yóò fi gbẹ, ẹ kó o sínú ike tó ní ìdérí. Ẹ má kó o sínú àpótí aṣọ tí káńfọ̀ wà.